Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Miami 7 Pẹ̀lú Ọmọ Yín Láì Ba Ẹ̀rín Jẹ́

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1999 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, inú ìsinmi Àjíǹde la sì wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Màámi ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣọ́ wa nínú fúláàtì wa ní Woolwich, ní London, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ fídíò yóò rí ohun tí ojú òun yóò ṣe. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ti káséètì ìgbéyàwó àbúrò bàbá wa bọ inú rẹ̀, mo sì gba apá àkọ́kọ́ Miami 7, eré apanilẹ́rìn-ín tẹlifíṣọ̀n nípa ẹgbẹ́ olórin kan, lé e lórí láti orí BBC. Títí di òní, bí ẹ bá fi káséètì náà sí i, ẹ ó rí ìyàwó tó ń jó bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó tó dé ìdí àga, àwọn ọ̀dọ́ méje kan ti bọ́ sílẹ̀ ní Miami.

Wọ́n nà mí. Lẹ́yìn tí wọ́n nà mí tán, Màámi ra káséètì mẹ́ta tí kò ní nǹkan kan nínú, ó ní kí n máa gba ti ara mi sí i. Bí gbogbo apá mẹ́tàlá ṣe di tiwa nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń lo káséètì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun lèmi àti Tèmi, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi ń wo eré yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti wò ó dé òpin. Ẹ̀ẹ̀kíní, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ló wá dùn. Ohun tó yàtọ̀ nínú méjèèjì ni mo fẹ́ sọ fún òbí tó bá rí eré náà lọ́nà kan tàbí òmíràn, tó fẹ́ kí ọmọ òun rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ojú rẹ̀ sì là díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ wò. S Club 7 lorúkọ ẹgbẹ́ olórin náà: Tina, Paul, Jon, Bradley, Jo, Hannah, Rachel. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó bá ara wọn dàgbà ní àdúgbò kan náà. Simon Fuller ló kó wọn jọ ní 1998. Òun ni máníjà Spice Girls, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin olórin, tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọbìnrin náà sì ti já a sílẹ̀ ní ìparí 1997. Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ lọ sílé, ó ronú, ó sì padà wá pẹ̀lú ọmọ méje àti eré tẹlifíṣọ̀n tí yóò gbé wọn jáde. Kim Fuller, arákùnrin rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ eré náà.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Àwọn méje yìí rò pé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Miami ló fẹ́ kí àwọn wá kọrin. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá hòtẹ́ẹ̀lì tí ògo rẹ̀ ti wọmi, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard, tó ni ibẹ̀, tó sì lahun. Howard kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Orin ni wọ́n bá wá, ìgbálẹ̀ ni wọ́n bá lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lè di olórin.

Ibi tí ẹ̀rín wà nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá àkọ́kọ́. Apá kan lójọ́ kan ti tó. Kò gùn tó wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá wo mẹ́rin léra wọn kò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi àwọ̀ àti ariwo.

Ẹ fún ọmọ ní rìmóòtù

Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà. Mo dá eré dúró nígbà mọ́kànlá nínú apá kan ṣoṣo. "Tèmi, ṣé o rí i pé wọ́n ń ta nǹkan fún ẹ?" "Tèmi, kí ló dé tí wọ́n ṣe wọ aṣọ yẹn?" Nígbà tó di ìkọkànlá, ọmọ náà dìde. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé mi." Ọmọ tó máa ń fi iṣẹ́ ilé ìwé pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù!

Nígbà kejì, òun ló mú rìmóòtù, èmi mú ife tíì mi, mo sì dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ béèrè nǹkan, òun fúnra rẹ̀ á dá a dúró. Tèmi a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, pàápàá tó bá rí nǹkan ayé àtijọ́: ẹni tó ń wá tẹlifóònù kiri, ẹni tó gba hòtẹ́ẹ̀lì láì wo àwòrán rẹ̀ rí. ("Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù?" Ẹ dáhùn ní gbólóhùn kan, kí ẹ jẹ́ kí eré máa lọ.) Bí èmi bá ní ìbéèrè tèmi, mo máa ń fi í pamọ́ títí orúkọ àwọn òṣèré yóò fi máa yí lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló le: bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró, kí ẹnikẹ́ni má fò ó. Bí ọmọ bá dìde láti jó, ẹ sún tábìlì kúrò lọ́nà fún un. Òbí tó ń fi ijó kọ́ ẹ̀kọ́ ti sọ ilé di kíláàsì.

Bébà orúkọ méje

Ohun èlò kan ṣoṣo tí ẹ nílò ni bébà àti bírò. Kí ọmọ kọ orúkọ méjèèje sí apá òsì, kí ó fi àyè sílẹ̀ síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, kí ó fa ìlà kan síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló ń lé orin, tí àwọn yòókù ń gbè, kí ó ya òdo. Ọmọ yóò kọ́kọ́ pàdánù òǹkà. Kò burú, kì í ṣe ìdánwò.

Nígbà tó bá di apá kẹta, ẹ kó bébà mẹ́ta náà síwájú kí ẹ jọ wò wọ́n. Ìlà á fọ́n káàkiri, ó sàn díẹ̀ fún gbogbo wọn. Òdo kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa wọ́ jọ síwájú orúkọ Jo. Ohùn Jo O'Meara ni wọ́n fi lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ẹgbẹ́ yìí. Tina, tó mọ ijó jó bí ẹni tí kò ní egungun, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òdo kankan. Tèmi bínú. Ó ní, "Ṣé kò lè kọrin ni?" Mo ní ó lè kọrin. "Ta ló wá ní kó má kọ ọ́?"

Ìbéèrè yẹn, "ta ló ní kó má kọ ọ́," ni mo ti ń wá bí n óò ṣe fi sí i lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bébà ló fi sí i lẹ́nu. Mo wá sọ fún un pé ẹnì kan wà nínú yàrá kan tó jókòó, tó ń gbọ́ ohùn méje, tó ń pín iṣẹ́: ìwọ lé, ìwọ gbè, ìwọ jó síwájú. Pípín náà ni ẹni tó kọ ìtàn ń ṣe. Ẹnu méje ló ní láti bọ́ láàárín ìdajì wákàtí, nítorí náà ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwà kan bí ẹni ń pín aṣọ ẹbí. Rachel gba aṣọ àti dígí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tí àwọn mẹ́fà yòókù gbà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, bí wọ́n bá ní kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣàpèjúwe òun, èwo ni? Tèmi ronú títí, ó ní ọ̀kan kò tó òun.

Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì náà dáadáa

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún títí dé méjìlélógún mi, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ń tọ́jú ní àárín gbùngbùn London. Yàrá mẹ́rìndínlógún lóòjọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbi tí a ti ń mú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò bá parí ní aago mẹ́ta yóò dúró parí rẹ̀, ìwé owó oṣù kò sì mọ̀ pé aago mẹ́ta ti kọjá. Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà kò wúlò fún yín. Ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo tún Miami 7 wò lẹ́yìn ogún ọdún, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn méje tó mọ bẹ́ẹ̀dì í tẹ́. Kò sí! Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí máa mọ̀. Àwọn á na ṣíìtì, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìrọ̀rí lu ara wọn. Igun ṣíìtì ni ọgá máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tìmùtìmù sókè díẹ̀, ẹ ti ìsàlẹ̀ ṣíìtì sábẹ́, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè títí yóò fi dà bí ìgbátí àpò ìwé, ẹ ti èyí tó ṣẹ́ kù lábẹ́ sínú, kí ẹ wá já ẹ̀gbẹ́ náà wálẹ̀ kí ẹ tì í bọlẹ̀. Bó bá ṣe é, owó ẹyọ á ta lórí rẹ̀. Àǹtí kan láti Ghana ló kọ́ mi, ó sì máa ń fi ìka tẹ igun náà bí dókítà.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ibi tí eré yìí ti dùn jù, tó sì ti yẹ kí òbí béèrè ọ̀rọ̀ jù, ni ibi iṣẹ́. Ẹ yan apá kan tí Howard ti rán wọn ní iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí orúkọ bá ń yí lọ, ẹ béèrè mẹ́ta yìí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí ẹ sì dúró gba èsì:

Ta ni iṣẹ́ náà ṣe láǹfààní? Nígbà tí wọ́n sá kúrò nídìí iṣẹ́ lọ kọrin, ta ló parí rẹ̀? Ṣé wọ́n sanwó fún ẹnikẹ́ni?

Ní tiwa, èsì kejì ló pẹ́ kó tó jáde. Tèmi wo orí òrùlé. Ó ní, "Ó ti mọ́ tónítóní nígbà tí wọ́n padà dé." Mo ní, "Ta ló tún un ṣe?" Ó ní, "Ẹnì kan tí wọn kò fi hàn wá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ẹni náà ni èmi. Mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọmọ jáde, kí òbí má fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ìpele kejì wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn bí ọmọ bá ti rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣeré ẹni tí wọ́n tàn wá sí Miami láti wá ṣiṣẹ́ fún Howard, iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó kó wọn jọ. Wọ́n ń jí, wọ́n ń ya eré, wọ́n ń kọ́ ijó, wọ́n ń gba orin sílẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn náà mọ̀ ọ́n dájú, ìdí nìyí tí Howard kò fi jẹ́ ọ̀dájú pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀gá yín, ẹ fún un ní ẹ̀rín díẹ̀ kí ó lè sanwó fún yẹ̀yẹ́ náà.

Orin ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí apá kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nígbà náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kò tilẹ̀ wo eré, ẹ tẹ́tí sí ọmọ nígbà tó ń fọ eyín. Yóò máa kọ ọ́ nínú imú. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú un.

Kí ẹ kọ ọjọ́ méjì sórí bébà fún un. 8 oṣù kẹrin 1999: eré bẹ̀rẹ̀. 7 oṣù kẹfà 1999: wọ́n gbé orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà síta nínú àwo fún títà. Ẹ ní kó ka ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín. Yóò rí mẹ́jọ àti díẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni gbogbo ọmọdé Britain fi gbọ́ orin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, títí ó fi di ti etí wọn, kí wọ́n tó ní kí wọ́n wá rà á. Ó bọ́ sí ipò kìíní. Mo mọ̀, torí mo wà nínú àwọn tó rà á. Owó ọjọ́ ìbí mi ni mo kó lọ, ẹ̀gbọ́n mi tó nà mí nítorí káséètì ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀: L.A. 7, eré tó tẹ̀ lé Miami 7, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2000, àwo orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún, ó dé ipò kejì.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé BBC kì í polówó ọjà fún àwọn tó ń wò ó ní Britain. Owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n tí àwa olúkúlùkù ń san ni wọ́n fi ń ṣe é. Màámi fẹ́ràn BBC nítorí ìyẹn. Ó ní kò sí ẹni tí yóò máa pariwo bèbí fún wa níbẹ̀. Kò sì sí ìpolówó lóòótọ́. Eré náà gan-an ló dúró fún un.

Ẹ má sọ èyí pẹ̀lú ojú líle. Mo sọ ọ́ fún Tèmi bí ẹni ń ṣàlàyé bí onídán ṣe ń yọ owó létí ènìyàn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ọgbọ́n gidi ni. Ọgbọ́n gidi náà ni.

Nígbà tó bá béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

Yóò béèrè, nítorí orúkọ ara wọn ni wọ́n ń jẹ́ nínú eré. Rachel ń jẹ́ Rachel, Bradley ń jẹ́ Bradley. Ọmọ tó mọ̀ pé akọni inú eré orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ènìyàn gidi yóò dààmú níbí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi àgbà eré yìí hàn án. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣáájú Miami 7, ní oṣù kẹsàn-án 1966, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ The Monkees, eré nípa ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́rin kan. Bob Rafelson àti Bert Schneider ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn òṣèré ní 1965 pé àwọn ń wá ọmọkùnrin aṣiwèrè mẹ́rin, láti ọdún mẹ́tàdínlógún dé mọ́kànlélógún. Àwọn 437 ló jáde. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n mú, Micky Dolenz ti ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n láti kékeré. Michael Nesmith àti Peter Tork jẹ́ olórin. Davy Jones, ọmọ Manchester, ti ṣeré nínú Oliver!, eré olórin orí ìtàgé, ní London àti ní Broadway ní New York. Ìtàn Davy ni Tèmi fẹ́ràn jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 1964, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan ní Amẹ́ríkà láti wá ṣe díẹ̀ nínú eré wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Beatles kọ́kọ́ kọrin lórí ètò náà. Davy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń ké. Jon ti S Club 7 náà, kí wọ́n tó mú un, ti ṣe Oliver ní London nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé.

Bí ẹ bá wo apá kan nínú The Monkees lẹ́yìn Miami 7, ọmọ á sọ fún yín fúnra rẹ̀: orúkọ ara wọn ni àwọn náà ń jẹ́, àwọn náà kò rí owó ilé san, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin wọn nínú eré, bẹ́ẹ̀ ìta ni àwo wọn ti ń wà ní ipò kìíní. Ẹgbẹ́ tí kò ríṣẹ́ ló ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ wo olówó tó jókòó?

Mo wá sọ fún un pé àwọn méje náà wà lóòótọ́, orin wọn jẹ́ òótọ́, òógùn wọn jẹ́ òótọ́. Howard ni kò sí. Ó ní ó dára, ó ti yé òun.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbàlagbà máa ń fi bú irú ẹgbẹ́ yìí, pé "wọ́n kàn ṣe wọ́n ni." Ta ni wọn kò ṣe? Aṣọ tí a rán náà ni a ń wọ̀ lọ sóde. Ìbéèrè tó yẹ ni ta ló di abẹ́rẹ́ mú. Monkees bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin mìíràn ni wọ́n ń gbà láti lu ohun èlò nínú àwọn àwo wọn àkọ́kọ́. Ní 1967, wọ́n bá ilé iṣẹ́ jà, Don Kirshner tó ń darí orin wọn kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lu àwo orin tó tẹ̀ lé e. Simon Fuller ní tirẹ̀ kò fi abẹ́rẹ́ náà pamọ́ mọ́ nígbà tó yá. Ní 2001, ó gbé Pop Idol jáde, níbi tí gbogbo ayé ti ń wo bí wọ́n ṣe ń yan olórin. Ilé ìdáná tó tì pa fún Miami 7 ló wá ṣí sílẹ̀, tó sì gba owó ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè mọ Big Time Rush, eré ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Nickelodeon, ju méjèèjì lọ: àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin láti Minnesota tó lọ di olórin ní Los Angeles, láti 2009. Bébà orúkọ ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa, mẹ́rin sì rọrùn kà ju méje lọ.

Bí ọmọ bá ní òun ò tíì yó

Ìtẹ̀lé rẹ̀ nìyí: L.A. 7 ní 2000, Hollywood 7 ní 2001, Viva S Club ní 2002. Miami 7 ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí èyí tí iṣẹ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú L.A. 7, obìnrin tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, Linda Blair ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni ọmọbìnrin tí èṣù wọ inú rẹ̀ nínú The Exorcist, fíìmù ẹlẹ́rù 1973 yẹn, orí sì máa yí.

Barcelona ni Viva S Club, ẹni mẹ́fà sì ni wọ́n níbẹ̀. Kí ẹ ti múra sílẹ̀, torí ẹni tó ti ń ka orúkọ méje láti ìbẹ̀rẹ̀ máa rí i kíá. Paul Cattermole fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2002 láti padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ orin rọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2003, àwọn tó kù sọ lórí pèpéle ní London pé ó parí.

Èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé Paul ti kú, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2023, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Oṣù kejì ọdún yẹn ni àwọn méjèèje kéde pé àwọn fẹ́ tún kọrin pọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún ọmọ; ẹ má jẹ́ kó fúnra rẹ̀ já lé e lórí fóònù láàárín ẹ̀rín. Ìgbà tí a wo apá kẹtàlá tán ni mo sọ fún Tèmi, mo ń fọ abọ́, ó ń nù ún. Mo sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Ó dákẹ́, ó nu abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ní, "Ṣé Howard mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin tó ṣe Howard á ti gbọ́. Mi ò tún un ṣe fún un pé ìbéèrè náà dojú rú.

Ìkẹyìn: ẹ ní kó kọ tirẹ̀

Fún ọmọ ní bébà òfìfo kan, kí ó kọ apá kẹrìnlá. Ẹ má gbà á nímọ̀ràn. Ẹ kàn sọ òfin tí àwọn tó kọ eré náà ń tẹ̀ lé fún un: ìdajì wákàtí, ẹnu méje, iṣẹ́ kan tí Howard rán wọn, orin kan kó tó parí.

Tèmi fi ọjọ́ mẹ́rin kọ tirẹ̀. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn méje lọ kọrin, Tina ló lé, àwọn yòókù gbè. Wọn kò padà wá tún yàrá ṣe. Àlejò ti ń bọ̀ lọ́nà, kò sí ẹlòmíràn nínú hòtẹ́ẹ̀lì, Howard sì ní láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀: yàrá mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ nígbà tí mo ń sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Nígbà tó dé ibi igun ṣíìtì, ó gbé bírò sílẹ̀, ó wá bá mi ní yàrá. Ó ní kí n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n wá fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí òun lè kọ bí Howard ṣe ṣe é tí kò gún.